Ẹ fi owó olùkọ́ gẹ̀ẹ́sì pamọ́

Ẹni tó béèrè pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń du ipò kánsẹ́lọ̀ ní Ìkòròdú, pé ohùn rẹ̀ máa ń gbẹ bí ọkùnrin bá ti pọ̀ níwájú rẹ̀, àti pé ṣé kí àwọn wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní gẹ̀ẹ́sì kí ọjọ́ ìtàkùrọ̀sọ tó pé: ẹ fi owó yẹn pamọ́. Mo ti du ipò yẹn rí, mo sì ti bá àwọn obìnrin mìíràn múra fún un lápá Ìgbógbò àti Ìjẹ̀dẹ̀. N kò tíì rí èyí tí gẹ̀ẹ́sì dójú tì nínú wọn. Ohun tó ń dójú tì wọ́n ni kí ọkùnrin já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu, kí wọ́n sì dákẹ́ fún un bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́ fún àgbà nílé.

Ìdákẹ́ yẹn ni kí ẹ bá wí. Ẹ wá ọkùnrin mẹ́ta tí kò ní ṣàánú rẹ̀, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí, kó máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa já lù ú. Kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kí ẹnì kan dìde gba ìpè. Kò gbọdọ̀ pariwo o, torí tí ohùn obìnrin bá ti lọ sókè, wọ́n á ní ó ń jà. Tí ọkùnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀, akin ni. Ìrẹ́jẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn la ó tún un ṣe. Kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ẹ jẹ́ n parí rẹ̀," kó sì padà sórí gbólóhùn tí wọ́n já gan-an. Bí wọ́n bá tún já a, gbólóhùn kan náà ni kó tún sọ. Kò ní pẹ́ tí olóòtú fúnra rẹ̀ yóò fi ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ló máa ń fa awuyewuye jù. Èrò tèmi ni pé kó tètè dé, kó kúnlẹ̀ kí àwọn ọba àti ìjòyè nísàlẹ̀, kó délẹ̀ dáadáa, kí gbogbo èèyàn rí i. Tó bá ti gun pèpéle, ó ti kí wọn tán nìyẹn. Mo rí ẹnì kan tó ń kúnlẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìkíni ló gba gbogbo àsìkò rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń díje sì ń pè é ní "ìyàwó wa" títí ìpàdé fi parí.

Wọn yóò béèrè ẹni tí yóò máa se oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Kó má bínú, kó má sì ṣàlàyé. "Ọkọ mi ló jókòó yẹn, kò tíì rù. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà Ìta-Ẹlẹ́wà." (Ẹ rí i pé ọkọ wá o, kó sì jókòó níwájú.)

Ohun tó yẹ kó mọ̀ kò pọ̀. Kó ka àlẹ̀mọ́ kẹrin (Fourth Schedule) nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, gárèèjì, ibi ìpẹran, gọ́tà, iná ojú pópó, ipa wọn nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Kó mọ̀ nípa ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Wọn yóò bi í nípa rẹ̀. Wọn yóò tún béèrè ìdí tí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn fi wà nítòsí tí òkùnkùn sì kún ilé. Kó má ṣèlérí iná láéláé. Orí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná Ẹ̀gbìn ń lọ, kánsẹ́lọ̀ kò lè dá a padà. Kó sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kó wá mú ọ̀rọ̀ bọ́ sórí iná ojú pópó, èyí tí káńsù lè ṣe. Olùdíje tó bá ṣèlérí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò wá dà bí òpùrọ́.

Ẹ gbà á nímọ̀ràn kó má fi àsìkò ka orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Mo fẹ́ràn àwọn ìyá yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó máa dìbò ní Sábó.

Ẹ lọ wo gbọ̀ngàn náà ṣáájú, kí ẹ mọ ẹni tí yóò máa ka àsìkò àti bí máìkì ṣe ga tó. Kó wé gèlè rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èyí tó bá ń yọ̀ yóò gba ọwọ́ tó yẹ kó fi mú máìkì.