Ṣé equinox oṣù kẹta já mọ́ nǹkan kan ní erékùṣù tí kò mọ òtútù?

Ó já mọ́ nǹkan gan-an o, kì í kàn ṣe torí pé òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ bíi ti ìlú òyìnbó ni. Nǹkan bí 20 tàbí 21 oṣù kẹta ló máa ń bọ́ sí, oòrùn á wà lókè equator gangan, ìyẹn ìlà tá a fojú inú fà yí ayé ká láàárín méjì, ọ̀sán àti òru á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà káàkiri ayé.

Ẹ wo São Tomé tó wà nínú òkun nísàlẹ̀ wa níbí, equator gba erékùṣù kékeré wọn kan kọjá, Ilhéu das Rolas lorúkọ rẹ̀, tó bá ti di ọ̀sán gangan lọ́jọ́ yẹn, àtàrí èèyàn ni oòrùn máa wà, tẹ́ ẹ bá ri igi mọ́lẹ̀ lóòró, òjìji rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Ó máa ń wú mi lórí.

Àwa tá a wà l'Ábújà ńkọ́? Bíi digíríì 9 la fi jìnnà sí equator lápá àríwá, torí náà oòrùn ò tíì dé àtàrí wa lọ́jọ́ náà, ó di àárín oṣù kẹrin, á tún padà kọjá lápá ìparí oṣù kẹjọ. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ ri ọ̀pá mítà 1 mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ equinox, nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 37 ni ọ̀sán gangan wa, kì í ṣe 12 géérégé, òjìji ọ̀pá yẹn á tó sẹ̀ǹtímítà 16, á sì kọjú sí àríwá.