Kí ló dé tí àbíkẹ́yìn fi jogún ilẹ̀, tí dáwódù ń wòran?

Ìbéèrè náà nìyí: nínú ìwé kóòtù manor kan (ilẹ̀ ńlá tó wà lábẹ́ ọ̀gá kan, tó sì ní kóòtù tirẹ̀) ní Sussex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1838, àbíkẹ́yìn ló jogún ilẹ̀ baba, wọn ò sì dárúkọ dáwódù rárá. Ẹnìkan ti wá ṣàlàyé fún olùbéèrè pé onílẹ̀, ìyẹn ọ̀gá manor, ló máa ń kọ́kọ́ bá ìyàwó tuntun sùn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fọkàn tán àkọ́bí. Irọ́ gbuu! Ìtàn ilé ọtí nìyẹn, ẹ má gbé e wọ inú ìtàn ìdílé yín.

Borough English lorúkọ àṣà náà. Ìlú Nottingham ló ti gba orúkọ yìí: láyé ìgbà yẹn, ìlú ọ̀hún ní apá Faransé àti apá Gẹ̀ẹ́sì, apá Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọmọkùnrin tó kéré jù ti ń jogún. Sussex wà lára ibi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù. Ní Kent, gavelkind ni tiwọn nígbà náà: àwọn ọmọkùnrin á pín in lọ́gbọọgba, bí orí-ojorí tiwa, àmọ́ ọmọbìnrin ò ní bá wọn pín in bí ọkùnrin bá wà.

Èmi ò gbà pé ìkórìíra ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti gba tiwọn kí baba tó darúgbó: èyí kọ́ṣẹ́, èyí gbowó, èyí lọ dáko níbòmíì. Àbíkẹ́yìn ló kù sílé pẹ̀lú àwọn òbí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń kó igi ìdílé (àkọsílẹ̀ ìran) jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á kàn kọ “ó kú ní kékeré” síwájú orúkọ dáwódù tó wà láàyè. Odindi ẹ̀ka kan gé nìyẹn! Sùúrù láti ka ìwé ti tán nílẹ̀.

Ẹ wá dáwódù náà nínú ìkànìyàn. Ti 1841 á tàn yín jẹ: wọ́n ní kí wọ́n dín ọjọ́ orí ẹni tó bá ju ọdún 15 lọ kù sí márùn-ún márùn-ún, ẹni ọdún 39 á di 35, wọn ò sì béèrè ibi tí wọ́n bí i gan-an, bóyá ní county (ẹkùn ìjọba, bíi Sussex) yẹn ni wọ́n bi ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti 1851 ni kí ẹ gbára lé, ó sọ páríìṣì (àgbègbè tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan) tí wọ́n ti bí i. Ẹ wo àwọn páríìṣì tó yí manor náà ká, kí ẹ wá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé náà, tó dàgbà ju àrólé lọ, tí wọ́n sì bí ní páríìṣì àrólé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tì í lẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sẹ́yìn sí i, Manorial Documents Register, àkójọ orúkọ ìwé manor tó wà lọ́wọ́ National Archives (ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba) ní Kew, á sọ ibi tí ìwé manor kọ̀ọ̀kan wà. Páríìṣì kan lè ní ju manor kan lọ, torí náà ẹ má dúró sórí àkọ́kọ́. Ìkéde ikú ẹni tó ń lo ilẹ̀ lábẹ́ onílẹ̀ ni kí ẹ máa wá: wọ́n á pe àrólé, ó lè tó ìgbà mẹ́ta ní kóòtù mẹ́ta, onílẹ̀ lè mú ẹran ọ̀sìn olóògbé tó dára jù, àrólé á san owó ìwọlé, wọ́n á sì fún un ní ẹ̀dà ìwé. Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́ títí di 1733, àyàfi ìgbà Cromwell, tí kò sí ọba. Ẹ wá “filius junior” (ọmọkùnrin tó kéré) níbẹ̀. Títí di 1751, March 25 ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà February 1700 tiwọn, 1701 tiwa ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó túmọ̀ orúkọ kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ béèrè custumal, ìwé tí wọ́n kọ àṣà manor náà sí. Ní àwọn manor kan, bí kò bá sí ọmọkùnrin, ọmọbìnrin tó kéré jù tàbí àbúrò olóògbé tó kéré jù ló máa ń gbà á nígbà náà.