Èsì: Ṣé fog ló ń bo Olúmọ nígbà ọyẹ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ọmọ yín kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá pé fog ló bo Àpáta Olúmọ lóṣù Kejìlá, tíṣà sì fagi lé e. Tíṣà jàre. Omi ni fog: ìkùukùu tó sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀, ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ìn tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Irú rẹ̀ la máa ń rí ní kùtùkùtù lẹ́bàá Odò Ògùn lẹ́yìn òjò òru. Oòrùn ta díẹ̀, ó ti ká. Bí ojú kò bá ríran dé kìlómítà 1, fog ni. Bó bá ríran jù bẹ́ẹ̀, mist ni.

Ti ọyẹ́ yàtọ̀. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni, pàápàá láti Bodélé, ilẹ̀ tó jin kòtò ní orílẹ̀-èdè Chad. Haze ni kí ọmọ kọ. Ẹ jẹ́ kó fi ìka nu gíláàsì fèrèsé láàárọ̀: bó bá jẹ́ omi, ìka á tutù; bó bá jẹ́ eruku, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń sá àdìrẹ ní Abẹ́òkúta mọ eruku yìí lára aṣọ tútù dáadáa.

Wọ́n tún ń lo fog fún ọpọlọ tí kò já gaara, brain fog, àti fún gíláàsì ojú tí ooru tíì gbígbóná bò. Ẹ má jẹ́ kó fi ìyẹn dàrú mọ́ ti ojú ọjọ́ nínú ìdánwò.