Ẹ má tíì gbé e kúrò níbẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ: ọ̀kadà gbá ọmọ yín, ọmọ ọdún 7. GCS rẹ̀ (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí èèyàn ṣe wà lójúfò tó) jẹ́ 6 nínú 15 nígbà tí wọ́n gbé e dé, ẹ̀rọ ló ń bá a mí ní ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) láti ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò sì tíì fẹ́ kó jí. Àbúrò yín tó wà ní London ní nígbà tí wọn ò ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì bọ inú orí láti mọ bí agbárí ṣe ń fún ọpọlọ, a jẹ́ pé wọn ò ṣe nǹkan kan fún un, kí ẹ wá owó, kí ẹ fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e jáde. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ní ICU àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà, England ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Bí ẹ̀rọ tó ń bá a mí bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ sì wà níbẹ̀, ẹ má gbé e.

Ọgbẹ́ tó ti wà nínú ọpọlọ láti ojú títì, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Èyí tó fẹ́ tẹ̀ lé e là ń bá jà. Ọpọlọ tó fara pa máa ń wú, ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ló sì sábà máa ń le jù. Àwùjẹ̀ ọmọ ọdún 7 ti dí tipẹ́, egungun agbárí kò ní fẹ̀ fún un. Bó bá ṣe ń wú ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé á ṣe máa há. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá wá lọ sílẹ̀ lásìkò yẹn, tàbí tí ọ́síjìn wọ́n lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ibi tó ṣì dára nínú ọpọlọ á tún kú. Mo ti gba ọmọ tó jẹ́ pé páìpù ẹnu rẹ̀ tó fi ń mí yọ lójú ọ̀nà láàárín ilé ìwòsàn méjì. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀.

Lóòótọ́, níbí, a máa ń wo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ inú orí yẹn ń sọ, bí agbárí ṣe ń fún ọpọlọ tó: tó bá ti kọjá 20, tí kò sì tètè sọ̀ kalẹ̀, a ó dìde sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò wo èèyàn sàn, ó kàn ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Ní 2012, ìwádìí kan jáde láti Bolivia àti Ecuador lórí aláìsàn 324, gbogbo wọn ti tó ọmọ ọdún 13 ó kéré tán. Wọ́n lo ẹ̀rọ náà fún àwọn kan. Àwọn yòókù, CT (àwòrán inú orí) àti àyẹ̀wò ara ni dókítà ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó lo ẹ̀rọ kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Tiyín kéré sí wọn, tí ẹ̀rọ náà bá sì wà, èmi á ní kí wọ́n lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò lò ó náà gba ìtọ́jú líle, tọ̀sán-tòru. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ máa wò lọ́dọ̀ tiyín.

Ṣé wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, bíi 30 degrees? Ṣé imú rẹ̀ kọjú sókè tààrà, tí ọrùn kò wọ́? Ẹ wo okùn tó di páìpù mọ́ ẹnu rẹ̀: bí ìka yín ò bá lè wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Okùn tó fún ọrùn ń dá ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ jáde láti orí dúró. Mo ti rí i tí nọ́ńbà ọmọ kan sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a kàn tú okùn yẹn, láìfún un ní oògùn kankan. Bí wọ́n bá sì ń fa itọ́ nínú páìpù, ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí fífà yẹn máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má yí orí rẹ̀ kí ẹ lè gbàdúrà sí i létí.

Oògùn oorun tí wọ́n fún un kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ọmọ tó bá ń wúkọ́, tó ń bá ẹ̀rọ jà, orí rẹ̀ á máa le sí i ni. Ní ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà tòkè ọmọ ọdún 7 kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 84. Èmi máa ń fẹ́ kó sún mọ́ 100 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ steroid tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Wọ́n dán an wò lára àgbàlagbà tó lé ní 10,000, èsì rẹ̀ jáde ní 2004: àwọn tó gbà á ló kú jù. Kí wọ́n fi yìnyín mú ara rẹ̀ tutù náà ńkọ́? Ìwádìí 2008 lórí ọmọ 225 mú ara àwọn kan tutù fún wákàtí 24. Kò ṣe wọ́n láǹfààní, àwọn tó kú láàárín wọn tilẹ̀ pọ̀ ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Ibà ni kí ẹ má gbà láyè: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, kí wọ́n fún un ní parasítámọ̀.

Owó ọkọ̀ òfuurufú yẹn, ibí ni kí ẹ ná an sí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa nílò lóru kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ rà á sílẹ̀: omi iyọ̀ 3% àti mannitol (àwọn méjèèjì ń dín wíwú ọpọlọ kù), oògùn gìrì fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́, owó CT kejì. Mannitol máa ń mú ọmọ tọ̀ gan-an, ìfúnpá sì lè já lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ máa fojú sí àpò ìtọ̀ náà. Bí ẹ bá rí drip olómi ṣúgà nìkan, ẹ bi wọ́n ìdí rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọpọlọ wú sí i.

Nígbà tí wọ́n bá wá ń dín oògùn oorun kù, ẹ má retí pé á lajú kó pè yín. Àwọn kan á kọ́kọ́ máa ja páìpù, wọ́n á máa tapá, àwọn mìíràn á lajú tí wọn ò ní mọ ìyá wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ti béèrè onífisiọ (ẹni tó ń ba aláìsàn na ọwọ́ àti ẹsẹ̀) kó tó dìgbà yẹn, torí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa gan.