Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé tánkì orí òrùlé lè gbé sípíríńkílà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n ẹnjinníà, ẹ kú iṣẹ́. Pọ́lọ́mbà ni mí ní Ìlẹ̀ṣà. Òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta kan ni wọ́n gbé fún mi. Wọ́n ní kí n fi sípíríńkílà sí i, ìyẹn àwọn orí páìpù tó ń fọ́n omi pa iná nínú yàrá, pẹ̀lú páìpù tí àwọn panápaná máa ń so rọ́bà mọ́. Tánkì lítà 5,000 méjì ti wà lórí òrùlé, bàbá tó ni ilé sì ní kí n kàn fa páìpù oníke PVC ìnṣì méjì wá láti ibẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí àlejò kan bá mu sìgá, gbogbo orí sípíríńkílà á bú lẹ́ẹ̀kan náà, omi á sì tán. Orí mélòó ni lítà 10,000 lè gbé?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìwọ ni ẹni kẹta tó bi mí nírú èyí láàárín oṣù méjì. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni àwọn méjì tó ṣáájú rẹ wà. Mi ò ní sọ pé orí mẹ́wàá tàbí ogún fún ọ, torí kì í ṣe lítà la kọ́kọ́ ń kà nínú iṣẹ́ yìí. Pírẹ́ṣọ̀ la ń kà, agbára tí omi fi ń jáde.

Jẹ́ kí n tètè kúrò lórí ti sìgá. Èéfín kì í ṣí sípíríńkílà. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́nu orí kọ̀ọ̀kan, omi aláwọ̀ wà nínú rẹ̀, ooru ló sì ń fọ́ ọ. Ìgò pupa ń fọ́ ní 68°C, aláwọ̀ ewé ní 93°C. Orí tí ooru bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ṣí. Èyí tó wà ní yàrá kejì kò ní mira. Inú fíìmù ni gbogbo wọn ti ń bú pọ̀. Ètò kan wà tí orí rẹ̀ ń ya omi lẹ́ẹ̀kan náà lóòótọ́, deluge ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń fi sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ tánkì yìí gan-an ló ń dùn mí. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn onílé wa ti wá gbà pé bí a bá ti gbé omi síbẹ̀, a lè sùn. Wọ́n ń rí i bí omi ṣe ń rọ́ jáde ní ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí lókè pátápátá nígbà tí iná bá ń jó.

Bar ni a fi ń wọn pírẹ́ṣọ̀. Omi tó ga tó mítà 10 ló ń fún wa ní nǹkan bíi bar 1. Bí ìdí tánkì bá fi mítà 2 ga ju orí sípíríńkílà lọ, bar 0.2 lo ní níbẹ̀. Ì báà jẹ́ lítà 500 ló wà nínú tánkì náà, ì báà jẹ́ 50,000. Kódà bí ó bá fẹ̀ tó Ọjà Àtàkúmọ̀sà, bar 0.2 náà ni. Gíga ló ń fún omi lágbára, kì í ṣe pípọ̀. Yàrá tó sún mọ́ tánkì jù lọ, lábẹ́ òrùlé níbẹ̀, ni agbára omi ti kéré jù.

Wàyí o, wo ohun tí ìlànà ń béèrè. NFPA 13, ìwé ìlànà Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò ní Nàìjíríà, kò gbà kí pírẹ́ṣọ̀ orí kankan kéré sí bar 0.5 nígbà tí omi bá ń jáde. Ìyẹn kò tíì tó. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì wà lára ibi tí ewu iná rẹ̀ fúyẹ́. Níbẹ̀, orí kan kò gbọdọ̀ bo ju mítà 21 níbùú-lóòró (square metre) lọ, omi tó gbọdọ̀ bọ́ sórí mítà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ lítà 4.1 ní ìṣẹ́jú kan. Sọ wọ́n di púpọ̀: lítà 86 ní ìṣẹ́jú kan láti orí kan. Kí orí K80, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà (K ni nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe ń jáde tó lẹ́nu orí), tó lè tú lítà 86 jáde, ó nílò pírẹ́ṣọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bar 1.2. Ìyẹn ni mítà 12 omi lókè orí yẹn, láì tíì ka èyí tí páìpù àti ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́rọ́ máa jẹ. Ta ló máa kọ́ ilé-ìṣọ́ mítà 12 lé òrùlé òtẹ́ẹ̀lì lórí?

Wọ́n pè mí lọ sí ilé àlejò kan ní apá Lágeré nílùú yìí pé kí n wá fọwọ́ sí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe. Ó dùn-ún wò: páìpù tó tò dáadáa, ọ̀dà pupa, orí tó ń dán. Mo so géèjì tó ń wọn pírẹ́ṣọ̀ mọ́ ìparí páìpù lókè pátápátá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò kúrò ní ìdí. Mo ṣí fáàfù, omi ń kán bí ẹni ń da omi jáde láti inú búútà. Ìyàwó onílé wà nítòsí, ó bi mí pé, “Ṣé omi tó máa pa iná nìyí?” Mi ò lè purọ́ fún wọn. Wọ́n ti san owó náà tán.

Wá gbọ́ ti lítà tí o bi mí. Ibi tí a ń ṣírò lé lórí, ìyẹn ibi tí a rò pé iná lè mú kí orí ṣí pọ̀, jẹ́ mítà 139 níbùú-lóòró, orí bíi méje. Sọ 139 di ìlọ́po 4.1: nǹkan bíi lítà 570 ni wọ́n máa mu ní ìṣẹ́jú kan. Ìlànà fi 380 kún un fún rọ́bà àwọn panápaná. Ó di 950. Ó kéré tán, omi gbọdọ̀ tó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn lítà 28,500. Lítà 10,000 rẹ kò ní pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ilé ìdáná àti ilé ìfọṣọ kò sí nínú ìṣirò yìí, torí ewu iná tibẹ̀ ju ti yàrá lọ, orí kan níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bo ju mítà 12 níbùú-lóòró lọ.

Nítorí náà, ilẹ̀ ni omi iná gbọdọ̀ wà, kí pọ́ǹpù iná máa tì í lọ sókè. Mi ò sọ súmò tí ń fa omi kànga o. Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún iná ni mò ń sọ, èyí tí NFPA 20 ń darí, tó lè tú omi jáde tó ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí wọ́n kọ sí i lára, kí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ nígbà náà má sì kéré sí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún pírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ti iná mọ̀nàmọ́ná lẹ bá rà, wáyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ súìṣì tó ń pa gbogbo ilé kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tí mẹ́gáàdì máa ń ṣe bí ó bá rí iná ni pé kó pa súìṣì yẹn. Pẹ̀lú bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ti dísù ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti rà.

Páìpù tí àwọn panápaná ń so rọ́bà mọ́ ni à ń pè ní sítáńdípáìpù, ó dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. NFPA 14 ló ń darí ti èyí. Ti panápaná fúnra wọn, ìnṣì mẹ́rin ni páìpù náà ó kéré tán, ẹnu rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìnṣì méjì àbọ̀, ó sì gbọdọ̀ wà láàárín mítà 0.9 sí 1.5 sí ilẹ̀. Ohun tí ìlànà ń béèrè ní ẹnu tó jìnnà jù ni bar 6.9, tó jẹ́ bí àádọ́rin mítà omi. Tánkì wo ló máa ṣe ìyẹn? Fún ilé tí kò ga jù, tí sípíríńkílà wà ní gbogbo inú rẹ̀, ìlànà Amẹ́ríkà gbà kí ọkọ̀ panápaná ti omi wọlé láti ẹnu ìsopọ̀ tí a fi síta. Ṣùgbọ́n kí o tó ra ẹnu ìsopọ̀ yẹn, lọ sí iléeṣẹ́ panápaná tó sún mọ́ ọ, kí o wo ẹnu rọ́bà wọn. Bí wọn ò bá bára mu, irin lásán lo rà.

PVC funfun? Rárá. Irú páìpù oníke mìíràn wà, CPVC aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ti dán wò fún sípíríńkílà, fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ nìkan. Bí o kò bá rí ojúlówó, lo páìpù irin. Bí o bá parí, bar 13.8 ni wàá fi dán an wò fún wákàtí méjì, kò sì gbọdọ̀ dín rárá. Omi ni kí o fi dán an wò. Má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dán páìpù oníke wò láé, ó lè fọ́ pa ènìyàn. Kìlọ̀ fún àwọn akunlé náà: orí tí ọ̀dà bá ti ta sí, pípààrọ̀ ni.

Mi ò tíì rí ilé yẹn, mi ò sì rí àwòrán rẹ̀, nítorí náà má fi ohun tí mo kọ síbí ṣe àwòrán iṣẹ́. Ẹnjinníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjinníà ní Nàìjíríà, ló gbọdọ̀ ṣírò rẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i, iléeṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì gbọdọ̀ rí i. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe lè ju èyí lọ.

Lọ́la, ra géèjì. So ó mọ́ páìpù tó ga jù lọ nínú ilé náà, ṣí omi, kí o sì pe bàbá tó ni ilé wá wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ fúnra wọn. Bí wọ́n bá ṣì ní kí o fa PVC lẹ́yìn ìyẹn, dá owó wọn padà, àbúrò mi. Ìwọ ni wọ́n máa wá lọ́jọ́ tí iná bá jó àlejò mọ́ inú yàrá.