Florence lọ́jọ́ kan pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn? Ẹ gbọ́ ná

Àǹtí, ẹ ní ẹ máa ti Rome wọ rélùwéè lọ Florence, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn káàkiri kẹ́ ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà, pé ṣé màmá yín tí orúnkún ń dùn á lè gun òrùlé rìbìtì Duomo, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Rírìn yẹn ò le jàre. Láti ìdí rélùwéè Santa Maria Novella sí Duomo, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, Piazza della Signoria, gbàgede ńlá kan, ò jìnnà síbẹ̀, Ponte Vecchio, afárá àtijọ́ yẹn, náà wà nítòsí, fóònù yín á júwe.

Tíkẹ́ẹ̀tì gan-an niṣẹ́ wà. Musíọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ, mo ti sanwó látilé, wákàtí tí mo máa wọlé wà lórí ẹ̀, mo wá ń dúró nínú oòrùn oṣù keje, ìlà gùn bí ìlà epo ìgbà ọ̀wọ́n, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní ìlà kejì ni tèmi, mo débẹ̀ tán ìyẹn tún ní kí n padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ìgbà tí mo fi máa padà ó ní àkókò mi ti lọ! Mo na fóònù sí i, kò wò ó, ó kàn ń juwọ́ pé kí n yà kúrò lọ́nà. Owó gbé. Gáìdì tá a tún sanwó fún dúró síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù, ó wá ní "ó máa ń ṣẹlẹ̀". Ó máa ń ṣẹlẹ̀, o mọ̀, o ò sì sọ? Ẹ yáa tètè dé, kẹ́ ẹ bi ju ẹnì kan lọ kẹ́ ẹ tó tò.

Ẹ má sì lọ ní Mọ́ńdè o, Uffizi, musíọ́ọ̀mù àwòrán, kì í ṣí, Accademia, musíọ́ọ̀mù tí ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ wà náà kì í ṣí. Tó bá jẹ́ fọ́tò lásán ni màmá ń fẹ́, ẹ̀dà ẹ̀ wà níta gbangba ní Piazza della Signoria láti 1910, ojúlówó ni wọ́n ti gbé wọlé ní 1873. Ọ̀fẹ́ ni ti ìta.

Àwọn kan máa ń tẹ́ àwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wàhálà dé. Báàgì ayédèrú tí wọ́n ń tà lójú títì, ẹ má fọwọ́ kàn án, òfin Ítálì lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó rà á pàápàá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò. Ìró àti bùbá màmá ò ní wàhálà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wọ síngílẹ́ẹ̀tì ni mò ń bá wí.

Ẹ̀n-ẹ́n, òrùlé yẹn! Rárá o. Àtẹ̀gùn 463 ni, kò sí lífítì, ọ̀nà ẹ̀ há, ibi tí Brunelleschi àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń gbà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ kó tó parí ní 1436 lẹ máa gbà. Ilé agogo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà, 414, kò sí lífítì. Ẹ jẹ́ kí màmá wo inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í gbowó níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì lọ Piazzale Michelangelo lórí òkè, ibẹ̀ lẹ ti máa rí òrùlé náà àti gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì náà, ẹ lù ú ní òǹtẹ̀ nínú ọkọ̀ o, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò mọ̀ pé ẹnì kan dàgbà.