Bàbá Alábẹ́rẹ́ Ń Dáhùn: Ìlà Ara Aṣọ, Ta Ló Fà Á?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń yípo ní tòkunbọ̀ lọ́dún tó kọjá, ínǹṣì 30, géèjì 24 (ìyẹn abẹ́rẹ́ 24 nínú ínǹṣì kan). Aṣọ tí a fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì àti tíṣáàtì ló ń hun. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ìlà gbọọrọ kan ń jáde láti òkè aṣọ dé ìsàlẹ̀, àwọn mìíràn sì tún ń gba ìbú kọjá. Abẹ́rẹ́ ń kán. Ọmọ tó ń bá mi ṣe é ní ẹ̀rọ ti gbó, kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ gbà mí o.
Ìyá Ìbejì, Sábóngàrí, Kánò

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Àìsàn méjì ló ń ṣe ẹ̀rọ yín, oògùn wọn kò sì pa pọ̀. Ìlà òòró, ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ ni kí ẹ ti wá a. Ìlà ìbú, ọ̀dọ̀ òwú ni, tàbí káàmù tó ń ti abẹ́rẹ́ sókè sódò. Bí ọmọ yẹn bá rí ìlà ìbú tó tún lọ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, owó yín ló ń jẹ lásán.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òòró. Ẹ tẹ̀ lé ìlà náà láti ara aṣọ dé ẹnu sílíńdà, irin roboto tí abẹ́rẹ́ tò sí lára, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí abẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ yọ òun àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ipò fún wọn, ẹ hun aṣọ díẹ̀. Tí ìlà bá bá abẹ́rẹ́ ṣí lọ, abẹ́rẹ́ ló bàjẹ́: ìkọ́ rẹ̀ ti tẹ̀, tàbí ahọ́n rẹ̀ kò ṣí kó pa dé dáadáa mọ́. Tí ìlà bá jókòó síbi tó wà, ẹ fi abẹ́rẹ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ojú ihò tí abẹ́rẹ́ ń rìn nínú rẹ̀ ló dí, tàbí sínkà, irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín abẹ́rẹ́ tó ń di aṣọ mú, ló ti jẹ. Abẹ́rẹ́ bíi 2,260 ló wà lára ẹ̀rọ tó tó ti yín. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán wá ọ̀kan nínú wọn, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀.

Àwọn tó ti kán ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dà wọ́n nù. Ẹ ní kó máa kó wọn sínú agolo mílíìkì, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti kán. Tó bá jẹ́ ìkọ́, kókó òwú ló tóbi jù, tàbí òwú le jù kó tó dé fíìdà, ibi tí òwú ti ń wọlé fún abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́, ibi tí káàmù ti ń gbá a, á jẹ́ pé ihò ti dí tàbí ojú káàmù ti ya. Nígbà náà, bí ẹ pààrọ̀ gbogbo abẹ́rẹ́ lónìí, wọ́n á tún kán.

Ó wá ku ti ìbú. Ibí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń fi ojú wọn nǹkan tó yẹ kí wọ́n fi rúlà wọ̀n. Ẹ gé aṣọ díẹ̀, ẹ ka ìlà òòró 100, ẹ gé e tààrà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ máa tú òwú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á kó gún, àmọ́ kó má nà, ẹ gbé e lé rúlà. Ẹ̀rọ ínǹṣì 30 sábà máa ń ní fíìdà bíi 90, nítorí náà òwú kan máa ń padà wá lẹ́yìn 90. Ká ní púpọ̀ nínú wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, tí ọ̀kan wá jẹ́ 26 àbọ̀, ọwọ́ yín ti tẹ ọ̀daràn. Tí fíìdà yín bá ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí, ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì ń yọ̀ níbẹ̀ tàbí ìdọ̀tí òwú ti kó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sáré lọ yí káàmù, torí kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń pinnu bí òwú ṣe máa gùn tó. Iṣẹ́ káàmù ni kí òwú má le jù, kó má sì dẹ̀ jù. Tí gbogbo rẹ̀ bá gùn bákan náà, tí ìlà ṣì wà, ẹ yẹ páálí òwú wò: ẹ ti da òwú ilé iṣẹ́ méjì pọ̀, tàbí èyí tí wọ́n ṣe nígbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ìlà bá kàn ń jáde ségesège, ẹ bi iná NEPA. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti dúró lójijì máa ń hàn lára aṣọ.

Ti ọyẹ́ tí ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni, ẹ ò purọ́ mọ́ ọn. Yàrá ìhunṣọ ń fẹ́ ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó ìdá 55 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún, Kánò ní oṣù Kejìlá kò sì sún mọ́ ọn rárá. Òwú á gbẹ, á máa já, ìdọ̀tí rẹ̀ á máa fò lọ bá ọ́ìlì nínú ihò abẹ́rẹ́, á dì síbẹ̀ bí amọ̀. Ẹ máa da omi sílẹ̀ yàrá láràárọ̀, ẹ fi àpò tútù kọ́ ojú fèrèsé, ẹ jẹ́ kí òwú sùn sínú yàrá náà kí ẹ tó lò ó. Tí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ pa á, ẹ sì yọ omi inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kúrò, torí omi yẹn ń dá ìpẹtà sí abẹ́rẹ́. Ọ́ìlì abẹ́rẹ́ funfun nìkan ni kí ẹ lò. Ẹni tó ń rọ ọ́ìlì mọ́tò sí i, mi ò mọ ohun tí aṣọ rẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ọ̀gá mi ní kí n gbé ẹ̀rọ ínǹṣì 30 wa sókè sí yípo 40 ní ìṣẹ́jú kan, torí ọjà pọ̀. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà. Ṣé kí n ṣe é, sà?
Ọmọ Iṣẹ́, Gwagwaládà, Àbújá

ÌDÁHÙN: Má ṣe é o, ọmọ mi. Fi ínǹṣì sọ yípo di púpọ̀: 30 lọ́nà 40 jẹ́ 1,200. Ẹ̀rọ àgbà kì í fẹ́ kọjá 700 tàbí 750, ìyẹn bíi yípo 25. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni káàmù ń gbá ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ le sí i. Rọra ka abẹ́rẹ́ tó bá kán lọ́sẹ̀ kan, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi han ọ̀gá rẹ pẹ̀lú owó rẹ̀. Owó ni yóò bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí n wò kí n tó ra tòkunbọ̀?
Alhaji, Kàdúná

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ọwọ́ yí i yípo kan, Alhaji, láìsí iná. Ibi tó bá ti le lójijì, ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Ẹ fi èékánná gba ojú káàmù kọjá. Tí èékánná bá kọ́, ó ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Tí wọn ò bá ní irú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.